Háàdì Dísìkì Tí Kò Pariwo

Kọ̀ǹpútà ti lo oṣù mẹ́ta nínú yàrá kí Dúrótoyè tó ṣàkíyèsí pé ìyàwó òun kì í bá òun sọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ́.

Ìjà kọ́. Agnes ò bínú. Bó bá ti ń wọlé lọ́sàn-án, á gbé ọwọ́ sí etí ọ̀tún, á yọ ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ràn, á fi í sínú agolo kékeré kan, á jókòó sétí ibùsùn, á máa bó ẹ̀gúsí rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, bí ọkọ bá sọ̀rọ̀, ògiri ló ń bá sọ ọ́. Láìsí ẹ̀rọ etí yẹn, Agnes kì í gbọ́ ohun téèyàn ń sọ.

Yàrá yẹn nìkan ni iná sólà dé nínú ilé wọn ní Oǹdó. Kọ̀ǹpútà ò lè kúrò níbẹ̀. Dúrótoyè náà ò sì lè pa á tì, nítorí òun ni ìjọ wọn fi àwòrán àti fídíò ọgbọ̀n ọdún sí lọ́wọ́: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkórè. Ṣùgbọ́n ó ti di ọdún mọ́kànléláàádọ́ta tí òun àti Agnes ti jọ ń sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án. Kò rò pé ó yẹ kó parí báyìí.

Ó bi í nídìí oúnjẹ, níbi tí ẹ̀rọ ti wà létí rẹ̀.

"Ìyá Ayọ̀kúnlé, kí ló dé tí o máa ń yọ nǹkan yẹn?"

"Kọ̀ǹpútà yín ni. Gbogbo ìgbà ló ń han. Ẹ̀rọ etí yìí sì ń sọ ariwo kékeré di ńlá. Ṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n ń lọ ata nínú orí mi."

"O ò sọ."

"Ẹ ò bi mí."

Lọ́jọ́ kejì, ó tú kọ̀ǹpútà wò. Háàdì dísìkì rẹ̀ ló ń pariwo, ibi tó ń kó gbogbo nǹkan pamọ́ sí. Awo kan ló ń yí nínú rẹ̀, awo náà sì ti gbó. Dúrótoyè wọkọ̀, ó di Àkúrẹ́.

Bísọ́dún, ọmọ Ìkàrẹ́ tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà lọ́nà Ọba Adésidà, kó mẹ́ta síwájú rẹ̀. Ó ní kò sí awo tó ń yí nínú ti àkọ́kọ́, kò sì lè dún láéláé.

"Ṣé á gba fídíò ọgbọ̀n ọdún?"

"Bàbá, kò ní gba ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Èyí tó máa gbà á nínú irú rẹ̀, àfi kẹ́ ẹ ta ilẹ̀."

Ó wá ku méjì. Bísọ́dún so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà. Jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù níwájú gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà ládùúgbò.

"Báwo la ṣe máa mọ èyí tó dákẹ́?"

"Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀, Bàbá. Kò sẹ́ni tó ń fi etí ra háàdì dísìkì."

"Páálí kì í dún."

Ó fa súkúrù-díráfà gígùn kan yọ nínú àpò. Ogójì ọdún ló fi la gẹdú nílé ìlagi kan ní Oǹdó, bí wọ́n sì ṣe ń yẹ ẹ̀rọ wò níbẹ̀ nìyẹn: wọ́n á fi ẹnu irin kan ẹ̀rọ, wọ́n á fi ìdí rẹ̀ kan egungun ẹ̀yìn etí. Ariwo ìta kì í dí wọn lọ́wọ́. Ó tẹ́tí sí ọ̀kan nínú méjèèjì. Ó ń kùn bí ológbò tó yó. Ó tẹ́tí sí èkejì. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó sún irin náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kẹ́kẹ́ pa.

"Èyí."

Bísọ́dún tẹ orí ba. "Bàbá, ó dà bíi pé mò ń gbọ́ nǹkan tín-ín-rín kan nínú rẹ̀ o."

"Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rọ."

"Ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ létí."

Ó gbà á lọ́jọ́ kan àtààbọ̀ kó tó kó gbogbo fídíò sínú tuntun. Lọ́sàn-án ọjọ́ Wẹ́sìdé, ó pe Agnes. Agnes dúró lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra, ó di etí.

"Kí ló tún kù?"

"Ẹ̀fọn lẹ rà wálé."

"Kò sóhun tó ń dún."

"Ó ń dún, Bàbá Ayọ̀kúnlé. Ó mú bí abẹ́rẹ́. Ti tẹ́lẹ̀ sàn."

"Ẹ̀rọ etí rẹ ló bàjẹ́."

Agnes bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ nǹkan kan lára rẹ̀, ó gbé e sí ọkọ rẹ̀ létí.

"Kí lẹ gbọ́?"

"Kí ni kí n gbọ́?"

"Ó ń ké lọ́wọ́. Gbogbo òwúrọ̀ ló ń ké, láti ọdún mẹ́fà tí Ayọ̀kúnlé ti rà á. Tí mo bá ti gbé ẹ̀rọ mi sétí, òun ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́."

Dúrótoyè gba aago náà. Ó gbé e sí etí kejì. Iná kékeré ń ṣẹ́jú lójú aago. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó jókòó. Ó rántí ayùn ńlá ilé ìlagi, bó ṣe máa ń han bó bá ti kan igi, tí ìhan rẹ̀ á máa gún èèyàn láyà. Lọ́dún kan, ó ṣàkíyèsí pé ìhan náà ti dẹwọ́. Ó rò nígbà náà pé ọ̀gá ti ra ayùn tó dára.

"O ti mọ̀?"

"Ó pẹ́."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ṣé ẹ̀ bá gbà?"

Kì bá tí gbà.

Lọ́jọ́bọ̀, àwọn méjèèjì jọ wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́. Iná wà lọ́jọ́ náà, jẹnẹrétọ̀ dákẹ́. Bísọ́dún rí wọn, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ mú adájọ́ wá!"

"Pa fáànù yẹn, ọmọ mi," Agnes wí. "Kó o sì pa ẹnu rẹ mọ́ ọn."

Ó dijú. Bísọ́dún tan èyí tí Dúrótoyè kọ̀ sílẹ̀ níjọ́sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Agnes mí kanlẹ̀, kò di etí.

"Èyí dára."

"O ò gbọ́ bó ṣe ń kùn?" Dúrótoyè bi í.

"Èwo ló ń kùn?"

Bísọ́dún wo ọkọ, ó wo ìyàwó. "Ẹ̀yin òbí mi, etí yín méjèèjì, ó yẹ kí wọ́n so wọ́n pọ̀ ni."

"Wọ́n ti so wọ́n pọ̀ nílé ìjọsìn, kí wọ́n tó bí ọ," Agnes wí. "Bá wa dì í."

Bísọ́dún gba èyí tó ń ké bí ẹ̀fọn padà, ó di èkejì fún wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, háàdì dísìkì tuntun ń kùn lábẹ́ tábìlì bí ẹ̀rọ tó ń fa igi ńlá bọ̀ láti òkèèrè. Dúrótoyè gé rọ́bà sábẹ́ rẹ̀. Ó ṣì ń kùn. Ó ń dà á láàmú. Kò sọ fẹ́nì kan.

Agnes wọlé pẹ̀lú àwo ẹ̀gúsí. Ó jókòó. Ọwọ́ rẹ̀ ò kan etí.

"Ẹ gbọ́ ohun tí Adéjọkẹ́ ṣe nípàdé àwọn ìyá lánàá?"

"Rárá."

"Ṣe ló dìde láàárín ìpàdé, ó ní òun ò sìnkú ẹnikẹ́ni mọ́ lọ́dún yìí…"

Dúrótoyè yí àga rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà, ó fà á sún mọ́ ibùsùn.

"Sọ ọ́ sókè díẹ̀," ó ní. "Mi ò gbọ́ tán."