Ó Yé Wa, Sà

Ilé ìwé ńlá kan wà tó jẹ́ pé géètì rẹ̀ nìkan ló kàwé. Òkúta dídán ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ibẹ̀ ni orísun ìmọ̀, wọ́n sì kun lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ góòlù. Ẹni tó bá ń kọjá lójú títì á ní, áà, ọmọ tó bá wọ ibí yìí ti bọ́ sáyé. Ẹni tó bá wọlé ló máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n rán ọmọ tẹ́lọ̀ kan lọ fún ọdún kan. Ilé ìwé tirẹ̀ nílé àti ilé ìwé ńlá yìí ló jọ ṣe àdéhùn pàṣípààrọ̀: kí èyí fún tọ̀hún lọ́mọ kan, kí tọ̀hún náà fún èyí lọ́mọ kan, kí ojú àwọn ọmọ lè là sí bí wọ́n ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó mọ̀wé, kò sì lẹ́nu púpọ̀. Gbólóhùn kan wà nínú àdéhùn náà tí kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀: bí kò bá mú ìwé èsì tó dáa bọ̀ láti ọ̀hún, á tún kíláàsì tó fi sílẹ̀ ṣe. Kíláàsì yẹn gan-an sì ni àbúrò rẹ̀ máa wà nígbà tó bá dé. Àbúrò náà ti sọ fún un kó tó gbéra pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa rọra o. Màá fi àyè sílẹ̀ fún yín lórí àga mi." Ẹni tó bá mọ ẹnu àbúrò yìí mọ̀ pé kì í ṣe eré ló ń ṣe.

Ṣọ́ọ̀bù ìyá wọn ní ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta àti tábìlì gígùn kan. Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, "ó yé mi" kì í ṣe ìdáhùn. Bí ìyá bá ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa gé aṣọ, tó bi ọmọṣẹ́ pé ṣé ó yé e, tí ọmọṣẹ́ sì ní ó yé òun, ìyá á ní, "Sọ ọ́ padà fún mi." Ọmọṣẹ́ tí kò bá lè sọ ọ́ padà kò ní fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà. Ìyá ní aṣọ tí wọ́n bá ti gé kì í gbẹ̀bẹ̀. Láti kékeré ni ọmọ tẹ́lọ̀ ti ń gbọ́ èyí, débi pé ohun tí kò bá yé e, kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé ó yé òun. Nígbà tó ń lọ, ìyá rẹ̀ fi téèpù ìwọnṣọ kan sínú àpò rẹ̀, ó ní kó máa fi rántí ilé.

Lọ́jọ́ tó débẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé fúnra rẹ̀ ló mú un kiri. Ọkùnrin náà sanra, ó sì ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń ya ní fọ́tò. Ó fi yàrá ìkàwé hàn án: ìwé kún orí àtẹ dé àjà, ọ̀rá tí wọ́n fi wé wọn láti ilé ìtẹ̀wé ṣì wà lára wọn. "A kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ kàn wọ́n," ni ọ̀gá wí, inú rẹ̀ ń dùn. "Ọmọ máa ń ba ìwé jẹ́." Ó fi yàrá sáyẹ́ǹsì hàn án láti ojú fèrèsé, torí kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ wà nínú dúróò kan tí kọ́kọ́rọ́ tòun náà ti sọ nù. Ọmọ tẹ́lọ̀ béèrè pé báwo wá ni wọ́n ṣe ń kọ́ sáyẹ́ǹsì.

Ọ̀gá wò ó tàánú-tàánú. "A máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni."

Àṣé kíkọ sílẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wọn níbẹ̀. Tíṣà ìṣirò tó ń kọ́ kíláàsì rẹ̀, Ẹ-kọ-ọ́-sílẹ̀ ni àwọn ọmọ ń pè é lẹ́yìn, torí gbólóhùn méjì péré ló jẹ́ tirẹ̀. Ìyókù, ìwé ló ni ín. Ìwé àjákọ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ojú ewé rẹ̀ ti pupa nítorí ọjọ́ orí, inú rẹ̀ ló sì ti ń kà jáde láti ogún ọdún. Á jókòó, á kà, á ní, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀." Àwọn ọmọ á kọ. Bó bá parí, á gbójú sókè, á ní, "Ṣé ó yé yín?" Ọgbọ̀n ẹnu á ṣí lẹ́ẹ̀kan náà: "Ó yé wa, sà!" Àwọn tó ti sùn lọ gan-an kì í pàdánù rẹ̀. Wọ́n á jí, wọ́n á ní ó yé wọn, wọ́n á sì padà sẹ́nu oorun wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìwé náà dé orí nǹkan róbótó.

"Bí ẹ bá fẹ́ mọ àyíká ohun róbótó," ni Ẹ-kọ-ọ́-sílẹ̀ kà, "ẹ wọn ìbú ẹnu rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà méje, kí ẹ wá pín in sí ọ̀nà méjìlélógún. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣé ó yé yín?"

"Ó yé wa, sà!"

"Kò yé mi, sà," ni ọmọ tẹ́lọ̀ wí láti ìlà kẹta.

Ọmọ oníkẹ́míìsì, tí wọ́n jọ jókòó, tó sì jẹ́ pé ilé wọn ni ọmọ tẹ́lọ̀ ń gbé, fi ìgbọ̀nwọ́ gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tíṣà ń wò ó bí ẹni tí àga rẹ̀ ṣàdédé sọ̀rọ̀.

"Èwo ni kò yé ọ?"

"Bí a bá ṣe é bẹ́ẹ̀, sà, àyíká rẹ̀ á kéré ju ìbú rẹ̀ lọ."

"Ṣé o kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Mo kọ ọ́, sà."

"Ó ti yé ọ nìyẹn," ni tíṣà wí, ó sì ṣí ojú ewé tó kàn.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Kòyémi. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lókèèrè á rò pé orúkọ gidi tí òbí fún ọmọ ni.

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Àwọn àgbà ò tíì dé ilé ìwé yìí. Kòyémi yọ téèpù ìyá rẹ̀, ó mú korobá omi tó wà lẹ́yìn kíláàsì, ó wọn ẹnu rẹ̀. Ìbú rẹ̀ jẹ́ ínṣì mẹ́rìnlá. Ó fi téèpù yí i po, ó rí ínṣì mẹ́rìnlélógójì. Ó wá ṣe é bí tíṣà ṣe wí, ohun tó rí kò tó ínṣì márùn-ún, bí ẹ̀gbà ọwọ́ ọmọ jòjòló. Kíá ló ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́: ẹnì kan ló gbé nọ́ńbà méjèèjì sípò ara wọn nígbà tó ń da ìwé kọ. Méjìlélógún ló yẹ kí wọ́n fi sọ ọ́ di púpọ̀, méje ló yẹ kí wọ́n fi pín in. Àṣìkọ lásán ni, kò sí ẹni tí kò lè ṣẹlẹ̀ sí. Àmọ́ kí odidi ilé ìwé máa ké e fún ogún ọdún, kí ẹnikẹ́ni má wọn ìdérí ìkòkò kan ṣoṣo wò, ìyẹn kúrò ní àṣìkọ.

Ó gbé korobá àti téèpù lọ sí yàrá àwọn olùkọ́. Ó kí tíṣà, ó tọrọ àforíjì, ó wọn korobá náà lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ-kọ-ọ́-sílẹ̀ wo téèpù, ó wo ìwé rẹ̀, ó tún wo téèpù. Ó fẹsẹ̀ ti korobá náà díẹ̀.

"Níbo ni wọ́n ti ra èyí?"

"Mi ò mọ̀, sà. Ti kíláàsì ni."

"O ò rí i? Korobá ọjà. Ta ló mọ irú ẹni tó ṣe é? Korobá ni kò péye."

Ó mú un lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá gbọ́ ẹjọ́ náà tán, ó mi orí. "Ọmọ mi, bóyá bí nǹkan róbótó ṣe rí lọ́dọ̀ yín nìyẹn, a ò bá yín jà. Bí tiwa ṣe rí nìyí. Gbogbo ọmọ tó ti ibí jáde, ṣé o gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn fìdí rẹmi?"

Òótọ́ ló sọ. Kò sẹ́ni tó ń fìdí rẹmi níbẹ̀, torí tíṣà tó ka ìwé fún wọn náà ló ń ṣe ìdánwò fún wọn, òun náà ló sì ń máàkì í.

"Ọwọ́ wa ni ìwé èsì rẹ ti ń bọ̀," ni ọ̀gá fi kún un, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àyè kan wà nínú rẹ̀ tí a ti máa ń kọ bí ọmọ ṣe ń gbọ́ràn sí."

Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọmọ oníkẹ́míìsì ní, "Kí ló ń dùn ẹ́ gan-an? Sọ pé ó yé ẹ, kó o sinmi. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí nǹkan kan ti yé mi gbẹ̀yìn, èmi náà ni mo sì ń gba ipò kìíní." Ojú kò tì í rárá. Kòyémi tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ délẹ̀. Ó tẹ́ńbẹ́lú tíṣà pẹ̀lú ìwé pupa rẹ̀, ó tẹ́ńbẹ́lú ọ̀gá pẹ̀lú géètì rẹ̀, ó ń ka ọjọ́ tó máa kúrò láàárín wọn.

Ẹ̀gàn kì í sì í dí etí. Ìgbà mẹ́fà, ìgbà méje lójúmọ́ ni wọ́n ń ké ó yé wa. Ní oṣù kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í la ẹnu láìgbé ohùn jáde, kí tíṣà má baà máa wò ó. Ní oṣù kẹrin, ohùn ń jáde díẹ̀díẹ̀. Ó ní ẹnu lásán ni, inú òun mọ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, ẹnu rẹ̀ ti ń là kí tíṣà tó béèrè tán. Àgùntàn tó bá bá ajá rìn, ẹ mọ ohun tí wọ́n ní ó máa jẹ.

Ìdánwò dé. Ìbéèrè kẹrin ní táńkì omi róbótó kan wà, ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjìlélógún. Ẹsẹ̀ bàtà mélòó ni okùn tó máa yí i po? Ẹ-kọ-ọ́-sílẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ mú méjìlélógún kí ìdáhùn lè já gaara sí méje ni. Ẹ gbà mí o, táńkì tó fẹ̀ tó odidi yàrá, okùn tí kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju ènìyàn kan lọ ni wọ́n fẹ́ fi yí i po. Bírò gbogbo kíláàsì sì ń kọ méje láìwẹ̀yìn.

Kòyémi kọ mọ́kàndínláàádọ́rin. Ó jókòó tì í. Ẹ-kọ-ọ́-sílẹ̀ ń rìn bọ̀ láàárín àga, ó dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó dúró. Bàtà rẹ̀ nìkan ni Kòyémi ń wò, àmọ́ àbúrò rẹ̀ ló ń rí, tó sún kẹ́rẹ́ lórí àga, tó ń fọwọ́ gbá àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ojú ti tì í kó tó ṣe é. Ó fa ìlà sórí nọ́ńbà náà, ó kọ méje, bàtà náà sì kọjá lọ.

Ìwé èsì rẹ̀ dára. Ọ̀gá fún un níwájú gbogbo ilé ìwé, ó gbá a mọ́ra kí wọ́n lè ya fọ́tò. Ní àyè ìgbọràn, wọ́n kọ ọ́ pé: "Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ó ń béèrè ìbéèrè. A ti wò ó sàn."

Nílé, àbúrò rẹ̀ ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wá ibi tó máa ti fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò rí i. Kòyémi ti bọ́ sí kíláàsì iwájú, ọ̀rọ̀ àga ti parí. Ìyá wọn nìkan ló pẹ́ lórí gbólóhùn ìgbẹ̀yìn.

"Àìsàn wo ló ṣe ọ́ níbẹ̀?"

"Wọ́n kàn ń ṣeré ni, mà."

Ìyá ká ìwé náà, ó fi í sábẹ́ agolo bọ́tìnnì.

Ní ọjọ́ kẹta, oníbàárà kan gbé aṣọ wá, ó fẹ́ fi bo tìmùtìmù róbótó mẹ́rin. Ìyá tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì gígùn, ó fi sísọ́ọ̀sì lé Kòyémi lọ́wọ́. "Wò ó dáadáa. Ìbú tìmùtìmù jẹ́ ínṣì méjìlélógún. Fi ínṣì kan kún un yíká fún ojú rírán. Òdòdó ara aṣọ yìí, ibì kan náà ni orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ sí lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Má ṣe ká a po gé o, ó ń yọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kó o gé e. Aṣọ náà kò sì tó èyí tí wọ́n ń ṣì gé. Ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi, mà."

Ìyá kò tíì pa ẹnu dé tí ìdáhùn náà fi jáde. Ó jáde geere, ó ròkè bí ìgbà tí gbogbo kíláàsì bá ń ké e. Àbúrò rẹ̀, tó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì lórí bẹ́ǹṣì, gbójú sókè.

"Sọ ọ́ padà fún mi," ni ìyá wí.

Kòyémi la ẹnu. Ó rí ètè ìyá rẹ̀ nígbà tó ń mì, ó rí ìka rẹ̀ lórí òdòdó aṣọ, àmọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìyá sọ, ṣé ó yé ọ nìkan ló gbọ́.

"Méjìlélógún," ló wí, ó sì dúró síbẹ̀.

Ìyá kò pariwo. Ó na ọwọ́, ó gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀, ó yíjú sí bẹ́ǹṣì. "Ìwọ ńkọ́?"

Àbúrò sọ ọ́ padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ìbú, ínṣì kan yíká, orí òdòdó, ká má ká a po gé. Ìyá fi sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, àbúrò kò fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sún kẹ́rẹ́ lórí bẹ́ǹṣì, ó fọwọ́ gbá àyè tó ṣófo náà.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Ẹ bá mi di etí aṣọ yìí mú."