Níkẹ́lì Lásán

Orúkọ Odette Thibodeau ló wà lára fíríìjì yàrá ìwádìí, pẹ̀lú ẹgbàá tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Àṣà wọn ní yàrá ìwádìí yẹn, ní ìlú Halifax, nìyẹn: ẹni tí ohun tó ṣe láti tọ́jú iná bíi bátìrì bá gba iná jù lọ ni yóò fi máákà pupa kọ iye rẹ̀ síbẹ̀, àwọn yòókù á sì ra dónọ́ọ̀tì fún un. Láti oṣù Kejì ni wọ́n ti ń pe Odette ní Ìyá Oníná. Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀, tó kúnná ju àtíkè lọ, ló lẹ̀ mọ́ irin níkẹ́lì tó ní ihò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi kànrìnkàn. Dókítà Gillis, ọ̀gá wọn, yọ̀ débi tó fi ní kí Wendell, ẹlẹgbẹ́ Odette, pa iṣẹ́ tirẹ̀ tì, èédú tó ti ń wá ọ̀nà láti fi gba iná fún ọdún méjì gbáko, kó wá ran Odette lọ́wọ́.

Wendell ò bínú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í.

"Ìyá Oníná, ṣé o ti wọn iye iná tí níkẹ́lì yẹn ń gbà lásán, láìfi nǹkan kan sí i?"

"Mo ti wọ̀n ọ́n jàre."

Irọ́ ni. Ẹ̀rù ohun tó lè rí ló ń bà á.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi ìwé tí wọ́n kọ lórí lẹ́búlẹ́bú náà ránṣẹ́ kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ jáde, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Ó ki níkẹ́lì lásán bọ omi oògùn, ó tan iná sí i. Ohun tó rí lójú kọ̀ǹpútà ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Níkẹ́lì ló ń ṣiṣẹ́ látọjọ́ yìí. Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ kàn jókòó lé e lórí ni. Ojú tì í gan-an. Gbogbo dónọ́ọ̀tì tó ti jẹ wá ń korò lọ́fun rẹ̀.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ránṣẹ́," ló wí fún Gillis, ó sì ṣàlàyé.

"Ó dáa tó o sọ ọ́," ni Gillis fèsì, àmọ́ kò wojú rẹ̀.

Odette fi ọwọ́ aṣọ nu orúkọ rẹ̀ kúrò lára fíríìjì, ó wá lọ bá Wendell níbi tó ti ń fọ ìgò.

"Irọ́ ni mo pa fún ọ. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọn níkẹ́lì yẹn. Òun ló ń gba iná. Padà sídìí èédú rẹ."

Wendell rọra gbé ìgò ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Èédú wo, Odette? Mo ti dà á nù kúrò nínú àwọn ìgò yìí láàárọ̀ yìí. Ṣebí o ní ìgò ò tó ọ."

Ìgò mẹ́rìnlá ló tò síwájú rẹ̀, wọ́n mọ́ tónítóní. Ó ti lẹ orúkọ Odette mọ́ gbogbo wọn.