Bulbúlì Funfun Orí Igi Dábínù Mi

Ẹ ṣáà gbọ́ mi. Ọkọ mi, Bàbá Sínán, tí kì í rí bàtà ara ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, òun ló rí ẹyẹ bulbúlì kan. Bulbúlì yòókù ní abúlé wa lẹ́bàá ìlú Básírà, orí wọn dúdú, ara wọn bí eruku. Èyí funfun bí wàrà, àfi abẹ́ ìrù ẹ̀ tó pupa rúsúrúsú.

Ibo ló wá kọ́lé sí? Orí igi dábínù tí bàbá mi fún mi nígbà tí mò ń lọ sílé ọkọ. Òdòdó igi yẹn sì ti là. Tí òdòdó abo bá ti là, kíákíá lèèyàn ń gùn ún, kó gbọn òdòdó tí wọ́n já lára igi akọ sí i. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tó máa so, ewúrẹ́ á kọ̀ ọ́.

Mo ní, "Bàbá Sínán, ẹ gbé igbà yín, ẹ bá mi gun igi mi."

"Kí ẹyẹ lè kọ ẹyin ẹ̀ sílẹ̀? Irú ẹ̀ ò sí ní gbogbo Básírà."

"Ẹ̀yin lẹ ka gbogbo wọn?"

"Ìyá Sínán, obìnrin ò lè mọ̀."

Ó dáa. Àwọn tó mọ̀ wá jókòó lábẹ́ igi mi, tàwọn ti àga, fóònù àti sìgá. Ta ló ń se tíì fún wọn? Èmi òpè náà ni. Bàbá Gaswáànì, ẹlẹ́ja àdúgbò wa, ní Mẹ́kà lẹyẹ náà ti ń bọ̀, ló ṣe funfun.

Mo ní, "Ẹ̀yin náà ti lọ Mẹ́kà. Kí ló dé tí ẹ̀yin ò funfun?"

Ó ní tíì òun ò dùn tó.

Òdòdó ti fẹ́ máa gbẹ. Mo bẹ àwọn agungi, wọ́n ní ọkọ mi ti kìlọ̀ fáwọn. Ni mo bá wọ ṣòkòtò ẹ̀ sábẹ́ aṣọ mi, mo di òdòdó akọ mọ́ ìdí, mo fi igbà ẹ̀ kọ́ra. Obìnrin kì í gun dábínù lọ́dọ̀ wa o. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin fúnra wọn ò gùn ún mọ́.

Bàbá Sínán ń pariwo nísàlẹ̀: "Sọ̀kalẹ̀, o máa lé e lọ!"

Mo ń gùn. Nígbà tí mo dókè, ẹyẹ náà wò mí, mo wò ó. Mo ki òdòdó akọ bọ àárín abo, mo so ó pọ̀, mo bọ́ sí ìdì òdòdó kejì, títí mo fi kárí gbogbo ẹ̀.

Mo balẹ̀. Ọkọ mi ní, "Ṣé ó ti fò lọ?"

"Kò fò. Ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀."

"Àwọ̀ wo lẹyin ẹ̀?"

Mo na igbà sí i, mo ní kó gùn ún lọ wò ó. Ó ní oòrùn ti mú jù.