Bọ̀kọ́tọ̀ Tó Wà Lábẹ́ Tábìlì

Ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n ti bí Nùrẹ́nì, ẹni tó wá rajà ni oníbàárà, kò sẹ́lòmíràn tó ń jẹ́ orúkọ náà. Ìgbà tó dé Port Harcourt ló rí i pé àwọn ará ibẹ̀ ti sọ kọ́sítọ́mà di ọ̀rọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀. Ẹni tó ń tà á pe ẹni tó ń rà ní kọ́sítọ́mà, ẹni tó ń rà á sì pè é padà. Ọlọ́kadà ń pe ẹni tí kò rí rí bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń dẹnu ìfẹ́ kọ obìnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kọ́sítọ́mà ni. Ọlọ́pàá tó dá ọkọ̀ dúró, kọ́sítọ́mà náà ni. Ọ̀rọ̀ tó bá ti wà lẹ́nu gbogbo ayé báyìí, ṣé ó tún níyì? Ohun tí Nùrẹ́nì rò nìyẹn, títí di ọjọ́ tó kọ́kọ́ pa màlúù tà lọ́jà Eliozu nílùú náà, lọ́dún 1999.

Lọ́jọ́ náà, ọ̀sán ti pọ́n, ẹnikẹ́ni kò yà sọ́dọ̀ Nùrẹ́nì tí wọ́n ń pè ní Ngbati man, orúkọ tí wọ́n fi ń ṣe Yorùbá yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Eṣinṣin ti fẹ́ gba ẹran tán. Obìnrin sísanra kan, ará Kalabari tó ń se pẹ́pẹ́súùpù tà ní Rumuibekwe, dúró níwájú rẹ̀, ó ra bọ̀kọ́tọ̀ méjì, ó sì kígbe sí àwọn tó ń kọjá: "Una come buy from my customer o! Him meat fresh!" Bẹ́ẹ̀ wọn ò tí ì ríra rí láyé. Ibiere lorúkọ obìnrin náà. Láti ọjọ́ yẹn, ọdún mẹ́jọ gbáko, àárọ̀ Sátidé kan kì í kọjá kí Nùrẹ́nì má fi aṣọ pupa di bọ̀kọ́tọ̀ méjì sábẹ́ tábìlì dè é. Kì í dárúkọ iye. Ibiere kì í béèrè. Á ju owó sínú agolo, á gbé ẹrù rẹ̀, ó di Sátidé tó ń bọ̀. Bó o bá gbọ́ tí alápatà ń dárúkọ iye fún èèyàn lọ́jà Eliozu, àlejò ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ọdún 2007 nìlú dàrú. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ń fi ìbọn wá ara wọn kiri, òkú ń sùn sójú títì bí ẹni tí kò ní ìyá. Lójú Dagogo, ọmọ Ibiere, ni wọ́n ṣe pa ọ̀rẹ́ rẹ̀, Dagogo sì lọ fún àwọn sójà tí ìjọba kó wọ̀lú ní orúkọ ẹni tó yìnbọn, ó sá kúrò nílùú. Ibiere ti ilé oúnjẹ rẹ̀ pa. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ń sùn. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń se oúnjẹ tà ní ìkọ̀kọ̀, torí ebi ò mọ kónílé-ó-gbélé, kò sì pa Sátidé kankan jẹ lọ́dọ̀ Nùrẹ́nì.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé kan ni ọmọkùnrin mẹ́rin wọ ìsọ̀ Nùrẹ́nì. Ọ̀gá wọn tín-ínrín, ojú rẹ̀ pọ́n, àpò ìrẹsì tó gbé dání gùn ju bó ṣe yẹ kí àpò ìrẹsì gùn lọ. Kápò ni wọ́n ń pè é. Nasir tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ béèrè pé kí ló dé. Ọ̀kan nínú wọn fi ìdí ìbọn gbá a lẹ́nu. Eyín mẹ́ta bọ́ sórí pákó ẹran, ẹ̀jẹ̀ Nasir sì dà pọ̀ mọ́ ti màlúù. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Gbogbo ọjà wolẹ̀, wọ́n ń tajà lọ.

"Dagogo mama dey buy cow leg for your hand," Kápò wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "We no sabi her face. You sabi am. Once she land, clean your knife for this sack. Na all. We go carry am, her pikin go come find her."

Nùrẹ́nì ní òun kò mọ ìyá Dagogo kankan.

"Your wife salon dey Mgbuoba. Blue door. My sister dey make hair there." Kápò rẹ́rìn-ín. "Her name na Moríyọ̀, abi?"

Méjì nínú wọn wọ aṣọ iṣẹ́ Nùrẹ́nì, wọ́n ń pọ́n ọ̀bẹ lẹ́yìn rẹ̀ bí ọmọṣẹ́. Ẹ̀rù ba Nùrẹ́nì, kí n má parọ́. Bó bá nu ọ̀bẹ, Ibiere kú. Bí kò bá nù ún, Moríyọ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀ ni Moríyọ̀, ìyá ọmọ rẹ̀. Kí ni Ibiere jẹ́ sí i? Kì í ṣe ìyá rẹ̀, kì í ṣe ará ìlú rẹ̀, wọn kò jọ gbọ́ èdè ara wọn. Kọ́sítọ́mà lásán ni. Ó ń sọ ìyẹn fún ara rẹ̀ bó ti ń gé ẹran fáwọn èèyàn, ó sì ń rántí ọjọ́ tí eṣinṣin fẹ́ gba ẹran òun.

Gbogbo obìnrin tó bá dé ló ń kígbe "Customer!" Kápò á gbójú sókè, á wo ọwọ́ Nùrẹ́nì, ọ̀bẹ kò ní kan àpò. Nígbà tó yá, ó sú u.

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni Ibiere dé, ó fi gèlè bo orí dé ojú. "Customer!" Ẹ̀rín ti wà lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ sábẹ́ tábìlì.

"Madam, one leg na three thousand. Last price," ni Nùrẹ́nì wí.

Ọwọ́ Ibiere dúró. Ó rẹ́rìn-ín. "Wetin dey worry you this morning?"

"If you no get money, comot for my front. I no know you."

Nùrẹ́nì rí i pé ọdún mẹ́jọ ti wà lórí ahọ́n obìnrin náà, ó fẹ́ sọ ọ́ jáde káwọn ọmọkùnrin náà gbọ́. Ó bu omi ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú páànù, ó dà á sí i lójú.

Omi náà ń ṣàn láti gèlè dé ìró Ibiere. Ojú rẹ̀ kò tètè bínú. Ó kọ́kọ́ bà jẹ́, bí ojú ẹni tí ọmọ rẹ̀ bú, ìyẹn gan-an ló dun Nùrẹ́nì wọ egungun. Ìbínú dé tẹ̀ lé e. Ó tutọ́ sílẹ̀. "Ngbati man. God go judge you." Ó yí padà, ó lọ.

Kápò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Chai! This one wicked pass us!"

Nùrẹ́nì di ọ̀bẹ mú, kò nù ún.

Ó ku díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wá omi mu, ó sì fa aṣọ pupa yọ lábẹ́ tábìlì. "Who get this one?"

"Na for my house."

"Two whole leg?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Kápò. Ó ń rò ó díẹ̀díẹ̀, Nùrẹ́nì sì ń wò ó bó ṣe ń rò ó. "That woman wey you baff," ó wí. "Her hand dey go under table."

Wọ́n dojú Nùrẹ́nì bolẹ̀ lórí tábìlì. Ẹnì kan gun ẹ̀yìn rẹ̀, ẹnì kejì tẹ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ pákó tó ti ń gé ẹran lórí rẹ̀ láti ọdún mẹ́jọ. Kápò mú àáké. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹni tó mọṣẹ́ ń gé egungun. Kápò kò mọṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló gé e kí ọrùn ọwọ́ tó já, gbogbo rẹ̀ ni Nùrẹ́nì gbọ́, ó ń ké pe ìyá rẹ̀ tó ti kú. Igbe yẹn ló gbé ọkọ̀ àwọn sójà yà wọ ọjà. Àwọn mẹ́rin náà sá, wọ́n ń yìnbọn bọ̀ lẹ́yìn. Nasir tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀ ló tú aṣọ pupa ara bọ̀kọ́tọ̀, ó fi di apá rẹ̀ títí wọ́n fi dé ọsibítù.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, àwọn sójà pa Kápò. Kò sẹ́ni tó dé ẹnu ilẹ̀kùn búlúù ní Mgbuoba. Ṣùgbọ́n Moríyọ̀ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu Nasir. Ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì ọkọ rẹ̀. "Bàbá Mùhámmẹ́d, nítorí kọ́sítọ́mà lẹ ṣe fi èmi sábẹ́ ìbọn?" Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Moríyọ̀ fi gbé oúnjẹ wá tí kò bá a sọ̀rọ̀, ọkùnrin náà sì gbà pé ó tọ́ sí òun.

Ibiere ní tirẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sinmi. Gbogbo ibi tó bá dé ló ń sọ bí Ngbati man ṣe da ẹ̀jẹ̀ sí òun lójú. Nùrẹ́nì kò mọ ibi tó wà tí ì bá fi ránṣẹ́ sí i.

Nígbà tó padà sí ìsọ̀, ẹran rírọ̀ àti ẹ̀dọ̀ nìkan ló ń tà. Ọwọ́ méjì ni alápatà fi ń gé egungun: ọ̀kan á dì í mú, èkejì á gbé àáké. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń kọ́ àáké bí ọmọdé tó ń kọ́ ìrìn, kò sì sẹ́ni tó ń di egungun mú fún un. Nasir gan-an gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó rí ibi tí àáké bọ́ sí, ó ní òun ò ṣe mọ́.

Sátidé kan nínú oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, Ibiere dé. Ìjà ló bá wá, ó ti wé gèlè mọ́ ìdí. Ó la ẹnu, ó rí apá tí kò ní ọwọ́.

"Na that day," Nasir wí pẹ̀lú eyín tí kò pé. "The boys wey dey sharpen knife for him back, na you dem dey wait."

Ibiere kò sunkún. Ó wo apá náà pẹ́, ó wo pákó. Ó wá bọ́ sẹ́yìn tábìlì, ó fa bọ̀kọ́tọ̀ kan sórí pákó, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbọn-in.

"Customer," ó wí. "Cut am."

"Mama, na left hand o. I never sabi am well."

"Customer, cut."

Nùrẹ́nì gbé àáké sókè. Ọwọ́ obìnrin náà kò mì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gé e. Lẹ́yìn náà, kò dárúkọ iye, Ibiere kò sì béèrè.