Igbe Inú Àgò Irin

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fà mọ́ mi, ẹ jẹ́ kí wáìnì yín sinmi díẹ̀ nínú ife. Ìtàn ọkùnrin kan tó ń kú lọ, tí wọ́n ń yìn ín pé ó mọ eré ṣe, ni mo fẹ́ sọ.

Òṣèré ni Ersilio Tacconi. Wọ́n ń ya fíìmù adẹ́rùbani kan ní àjà ilẹ̀ ilé olódi tó wà lókè abúlé wa, owó tí wọ́n sì fẹ́ fi yà á kò tó nǹkan. Nínú eré náà, Ersilio ni onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó mu oògùn tó fúnra rẹ̀ pò, tó wá pín sí méjì: ẹni rere àti ìkà. Nevio, káfíńtà abúlé wa tí ẹ̀yìn rẹ̀ jọ ti Ersilio bí ìbejì, ni wọ́n wọ̀ lẹ́wù ìkà. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni kámẹ́rà ń rí.

Ẹ kúkú mọ àṣà wọn: wọn kì í gba ohùn sílẹ̀ níbi iṣẹ́. Ẹlòmíràn ni yóò fi ohùn sí i ní Róòmù tó bá yá. Nítorí náà, ohun tó bá wu òṣèré ló ń sọ. Oúnjẹ ni Ersilio máa ń dárúkọ. Á fajú ro bí ẹkùn, á wá bú ramúramù pé, "Ẹ̀wà! Ẹran ẹlẹ́dẹ̀! Wàràkàṣì!"

Lọ́jọ́ náà, Nevio tì í mọ́ inú àgò irin, ó finá sí koríko tútù, ó sì gun àtẹ̀gùn jáde. Ó yẹ kí Ersilio jà díẹ̀, kó wá ti ìlẹ̀kùn ṣí, kó sá jáde. Ó tì í. Kò mira. Àgádágodo ìgbà ìwáṣẹ̀ tó wà lára rẹ̀ ti há.

"Ọ̀gá, ìlẹ̀kùn ò ṣí o! Mi ò lè mí!"

Inú Fulgenzio olùdarí dùn dé ọrùn. "Ibi tí o ń fi èyí pamọ́ sí láti ọjọ́ yìí rèé? Túbọ̀ ké, jàre!"

"Mi ò ṣeré! Ẹ tìtorí Màríà Mímọ́ ṣí i!"

"Ẹ gbọ́ o," obìnrin tó ń kùn wọ́n lójú wí, "bàbá ò ta ẹ̀wà mọ́ lónìí, àdúrà ló kàn!"

Ẹ̀rín sọ.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ersilio ò dákẹ́ o, síbẹ̀ tara rẹ̀ ń bá a dákẹ́ lọ. Bó ṣe ń ké tó ni wọ́n ń gbádùn ẹ̀ tó. Èéfín ta á lójú, ó dí i lọ́fun. Irin ń gbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí ojú gbogbo wọn kedere, wọ́n ń wò ó, kò sẹ́ni tó rí i.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Kí ni Fulgenzio bẹ̀rù ju ikú èèyàn lọ? Kí fíìmù ṣòfò. Ersilio bá gbójú sókè, ó tẹjú mọ́ ojú kámẹ́rà gan-an, ó fi àtàǹpàkò sí imú, ó ń ju ìka yòókù, ó sì yọ ahọ́n síta bí ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́.

"Ẹ pa á! Ẹ pa kámẹ́rà! Aṣiwèrè! O ti ba fíìmù mi jẹ́!"

Fulgenzio fi ìbínú sáré lọ fa ìlẹ̀kùn kó lè gbá a létí. Kò ṣí. Ó tún fà á. Ojú rẹ̀ wá là pé òótọ́ ni.

"Nevio! Hámà! Yéè, hámà dà!"

Nevio sáré padà wọlé, ó fọ́ àgádágodo, Ersilio sì ṣubú jáde, ó ń wúkọ́ bí ewúrẹ́.

Kò tíì mí délẹ̀ tí Fulgenzio fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ọn lé. "Ọ̀rẹ́ mi, pẹ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré sí i. Wáyà la máa fi so ìlẹ̀kùn."

"Láéláé."

"Ó dáa. Nevio, gbé ẹ̀wù onímọ̀ wọ̀. Ẹ̀yìn rẹ la ó yà."

Nevio, tó ń wá oúnjẹ òòjọ́, gbé ẹ̀wù náà wọ̀, ó wọ inú àgò. Wọ́n tún dáná. Bí wọ́n ṣe ń ti ìlẹ̀kùn bọ̀, Ersilio wọ́ ara rẹ̀ dìde, ó ki ẹsẹ̀ bọ àlàfo ẹnu ọ̀nà.

"Ẹsẹ̀ ẹ ti wọ inú àwòrán!"

"Ẹ yà á bẹ́ẹ̀."

"Àwọn èèyàn á rí bàtà!"

"Ẹ ní ti ìkà ni."

Fulgenzio bú u, ó bẹ̀ ẹ́, ó rẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ náà wà níbẹ̀ títí koríko fi jó tán.

Nevio fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún bàbá mi lábẹ́ igi ólífì, bàbá mi ló sì fi lé mi lọ́wọ́.