Àǹtí, Ṣé Ó Ṣiṣẹ́?

Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò iṣẹ́ tó kún fọ́fọ́, ojú èmi àti ọ̀dọ́kùnrin kan tí n kò rí rí ṣe mẹ́rin. Ẹnìkan péré ni wọ́n fẹ́ gbà. Mo ti ṣàtúnṣe ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi èdè Java kọ, ṣùgbọ́n àfikún kékeré tó wà nínú ohun èlò ìkọ̀wé orí kọ̀ǹpútà mi, tó yẹ kó túmọ̀ ètò fún kọ̀ǹpútà kó sì mú un ṣiṣẹ́, àṣìṣe àtijọ́ ló ń gbé wá ṣáá.

Ọ̀dọ́kùnrin náà rí omi lójú mi.

“Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ fi iṣẹ́ yín pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Èyí tí ẹ bá fi pamọ́ nìkan ni àfikún yẹn mọ̀, olóríkunkun ni.”

Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ètò mi ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n alábòójútó ìdánwò ti gbọ́ ohùn rẹ̀.

“Ọ̀gbẹ́ni olùkọ́, ó yá, ẹ máa lọ síta.”

Ọ̀dọ́kùnrin náà jáde, kò tilẹ̀ nàka sí mi.

Lọ́jọ́ kejì, èmi ni wọ́n gbà. Iṣẹ́ tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà kọ́kọ́ rán mi ni pé kí n fún ọ̀dọ́kùnrin náà ní lẹ́tà pé wọn kò gbà á. Ó ti padà wá jókòó síta, ó ń retí àánú wọn.

“Àǹtí, ṣé ó ṣiṣẹ́?” Ó rẹ́rìn-ín sí mi.

“Ó ṣiṣẹ́,” ni mo wí, mo sì na lẹ́tà náà sí i.