Ìsinmi Ọjọ́ Méjì ní Bibury

Fóònù tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì dún nígbà kẹta, Mùlíkàt kò sì lè gbé e. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kún fún ọṣẹ. Ìyá arúgbó tó ń tọ́jú nílé rẹ̀ ní Cheverly jókòó sórí àga ìwẹ̀, ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, a kì í sì í fi arúgbó sílẹ̀ nínú omi torí fóònù. Ó ṣan ẹ̀yìn ìyá náà, ó nù ún gbẹ, ó wọ aṣọ fún un, ó mú un lọ jókòó sídìí fèrèsé, kó tó wo ẹni tó pè. Humaira ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní England.

"Àǹtí, ẹ dákun, ẹ jókòó ná."

"Ibi iṣẹ́ ni mo wà. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ, Àǹtí. Ní ìdájí òní. A máa sin wọ́n lónìí, lẹ́yìn ìrun Àsárì."

Mùlíkàt wo aago ara ògiri. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ òwúrọ̀ ni ní Maryland. Ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ tiwọn. Bí ó bá tilẹ̀ ní ìyẹ́, kò lè bá a.

"Kí ló pa á? Mo bá a sọ̀rọ̀ ní Sọ́ńdè, ó ń rẹ́rìn-ín!"

Ohùn Humaira rẹlẹ̀. "Jẹjẹrẹ ni, Àǹtí. Ó ti lé lọ́dún kan. Mọ́mì ní a ò gbọdọ̀ sọ fún yín."

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Mùlíkàt àti Ràfíátù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo, kò fojú kan ara wọn. Ìwé Mùlíkàt kò jẹ́ kó lè jáde ní Amẹ́ríkà. Ràfíátù béèrè fún físà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì dá a padà lẹ́ẹ̀mejì. Orí fóònù ni wọ́n ti ń bá ara wọn gbé. Bọ́ọ̀sì ni Ràfíátù ń wà, láti Swindon lọ sí àwọn abúlé tó wà láàárín oko níbẹ̀. Bó bá ti dé ìdíkọ̀ tó kẹ́yìn, á ya fọ́tò ránṣẹ́: ilé olókùúta aláwọ̀ oyin, odò tẹ́ẹ́rẹ́ tí pẹ́pẹ́yẹ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí ibojì yí ká. Á wá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ tẹ̀ lé e. "Wo abúlé òyìnbó, Múlí. Bí o bá dákẹ́, wàá gbọ́ bí omi ṣe ń lọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gbé èèyàn wá síbí, mi ò sùn mọ́jú níbí rí."

Nígbà tí Mùlíkàt búra di ọmọ Amẹ́ríkà, tí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sì dé, ariwo Ràfíátù ló pọ̀ jù. Kíá ló ti gba ilé olókùúta kékeré kan ní Bibury, ọ̀kan nínú àwọn abúlé náà, láti Jímọ̀ di Sọ́ńdè, àwọn méjèèjì péré. Oṣù kẹrin ni wọ́n kọ́kọ́ dá. Mùlíkàt ló yẹ̀ ẹ́ sí oṣù kẹsàn-án, torí wọ́n bẹ̀ ẹ́ níbi iṣẹ́ pé kó dúró títí wọ́n á fi rí ẹlòmíràn.

"Kò burú," ni Ràfíátù wí nígbà náà. "Abúlé ò ní sá lọ."

Ó wá ku ọjọ́ mẹ́sàn-án péré kí Mùlíkàt wọkọ̀ òfuurufú.

Nígbà tó súnmọ́ aago méjìlá, nínú ilé ìdáná ìyá arúgbó náà, Mùlíkàt wo ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Bàtà àwọn ọkùnrin ló rí, àti koríko tútù, àti etí aṣọ funfun kan. Lẹ́yìn náà, àwòrán dúró gbagidi, kò sì lọ mọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò gbé ìpè Humaira. Ní ọjọ́ Jímọ̀, Yẹ̀kínì ọkọ rẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí dé sí ilé wọn ní Hillcrest Heights, ó bá a níbi tábìlì oúnjẹ, tíì tó pò ti tutù níwájú rẹ̀.

"Ìyá Rayyan, ọmọ yẹn tún pè. Fóònù tèmi ló wá ń pè báyìí."

"Ẹ jẹ́ kó máa pè. Ọdún kan! Wọ́n jókòó ti ara wọn, wọ́n sọ mí di àlejò. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe ọmọ ìyá nìyẹn?"

"Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Ohun tí ìyá rẹ̀ ní kó ṣe ló ṣe."

"Èmi tí mo ń wẹ ìyá oníyàá lójoojúmọ́, Bàbá Rayyan! Mi ò bu omi kan sára ẹ̀gbọ́n mi."

Yẹ̀kínì fa àga, ó jókòó. Ó jẹ́ kó sunkún tán. "Mo ní ká dá tíkẹ́ẹ̀tì yẹn padà," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Ẹni tí o fẹ́ lọ bá kò sí níbẹ̀ mọ́. Kí lo fẹ́ lọ wò? Òkúta?"

Fóònù Yẹ̀kínì tún dún. Ó gbé e sáàárín wọn lórí tábìlì. Mùlíkàt wò ó títí ó fi kù díẹ̀ kó dákẹ́, ó sì gbé e.

"Àǹtí? Ẹ má bínú." Yorùbá Humaira kò dán mọ́rán; díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣa ọ̀rọ̀. "Mo fẹ́ sọ fún yín. Lẹ́ẹ̀mẹta ni mo tẹ nọ́ńbà yín. Mọ́mì gba fóònù lọ́wọ́ mi."

"Kí ni mo ṣe fún un?"

"Wọ́n ní tí ẹ bá gbọ́, ẹ máa wá wẹ̀ wọ́n, ẹ máa wá gbé wọn lọ tọ̀. Wọ́n ní, 'Ọdún mẹ́tàdínlógún ni àbúrò mi ti ń wẹ ará ìta. Kò ní wẹ èmi. Mo fẹ́ kó wá, ká jọ máa rìn létí odò bí ẹni tí kò níṣẹ́.' Dókítà sọ pé wọ́n máa rí ìparí oṣù kẹsàn-án. Wọ́n gbà á gbọ́."

Mùlíkàt fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìbínú tó ti gbé ka àyà láti ọjọ́ mẹ́ta kò lọ, ṣùgbọ́n kò rí ibi dúró sí mọ́.

"Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

"Àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ní kí n wọlé. Àǹtí, mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo máa ṣe Mọ́mì léṣe. Ọwọ́ òsì Mọ́mì ni wọ́n ní kí n wẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo wẹ̀."

"Ṣé omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́?"

"Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́."

"Ṣé o rọra?"

"Mo rọra, Àǹtí."

"Ó tó, ọmọ mi. Ọwọ́ kan yẹn tó."

Mùlíkàt ń gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń fa imú.

"Onílé Bibury kọ̀wé," ni Humaira wí. "Ó ń béèrè bóyá ẹ̀yin méjèèjì ṣì ń bọ̀. Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún un."

"Ibo lò ń sùn báyìí?"

"Yàrá Mọ́mì. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀."

"Ta ló wà pẹ̀lú rẹ?"

"Èmi nìkan ni." Bàbá Humaira ti fi òun àti ìyá rẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́, kò sì ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò.

"Kọ̀wé sí i," ni Mùlíkàt wí. "Sọ fún un pé èèyàn méjì ni."

"Àǹtí, kí la máa ṣe níbẹ̀?"

"Èmi náà ò mọ̀. Bí a bá débẹ̀ tí a kò lè wo nǹkan kan, a ó sùn."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Yẹ̀kínì ń wò ó.

"Òtútù ń mú níbẹ̀ lásìkò yìí," ni ó wí nígbẹ̀yìn. Ó dìde, ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó lọ wá kóòtù ti ara rẹ̀ fún un, èyí tó nípọn jù.